Ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá: bí ₦750,000 ṣe fẹ́ parí ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù

Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2013, John Yakubu Yusufu dìde níwájú Adájọ́ Abubakar Talba nílé-ẹjọ́ gíga Àbújá tó wà ní Gudu. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ni tẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá. Láti oṣù kẹta ọdún 2012 tí àjọ EFCC ti gbé òun àti àwọn márùn-ún míì lọ síwájú adájọ́ ló ti ń sọ pé òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó yí ohùn padà. Wọ́n ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí i létí, ó ní òun jẹ̀bi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Agbẹjọ́rò rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé-ẹjọ́ ṣíjú àánú wo oníbàárà òun. Adájọ́ sì gbé ìdájọ́ kalẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún méjì-méjì lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, kó ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí kò bá sì fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n, kó san ₦250,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ₦750,000. Ilé 32 tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ àti ₦325 mílíọ̀nù di ti ìjọba. Ọkùnrin náà san owó ìtanràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ó jáde nílé-ẹjọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Owó tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn nínú ẹjọ́ yìí tó nǹkan bíi ₦23 bílíọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ díẹ̀. Nínú gbogbo ₦100,000 tó bá owó náà lọ, ìtanràn tó san kò ju ₦3 lé kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ. Ní pàṣípààrọ̀ ìgbà náà, ₦750,000 kò tó 5,000 dọ́là. Àwọn kan á ní kí a má gbàgbé àwọn ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ká ewúrẹ́ mọ́ olè lọ́wọ́, tí wọ́n gba ewúrẹ́ náà padà fún olówó rẹ̀, a ò tíì fìyà jẹ olè nìyẹn. Ìyà ni ohun tí yóò ṣẹ́ kù fún un láti jẹ lẹ́yìn tí ewúrẹ́ ti délé. Lójú ìdájọ́ ọjọ́ yẹn, ohun tó ṣẹ́ kù ni ₦750,000.

Ta ló ni owó náà gan-an? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé owó ìjọba lásán ni. Kí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004 tó bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ń yọ owó àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì sílẹ̀ nínú ètò ìṣúná lọ́dọọdún, á wá gbé e fún ọ́fíìsì tó ń bójú tó wọn. Àwọn ọlọ́pàá ní tiwọn. Ọ́fíìsì yìí ló ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tó yẹ kí wọ́n gbowó, òun ló ń sọ iye tí yóò tó wọn, òun náà ló sì ń sanwó. Ẹni tó ń ka orúkọ náà ló ń ka owó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ ìka àwọn èèyàn láti mọ̀ bóyá wọ́n wà láàyè, kò sì sí ẹni tó ń wo orúkọ inú ìwé kó wá fi wé ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, orúkọ òkú á máa gbowó, orúkọ ẹni tí wọn kò bí sáyé rárá á máa gbowó, alààyè tó ṣiṣẹ́ náà á sì máa tò lórí ìlà.

Ẹ fojú inú wo bàbá kan tó fi ọdún márùndínlógójì ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní sájẹ́ńtì. Wọ́n kéde lórí rédíò pé kí wọ́n wá fún àyẹ̀wò. Ó yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àna rẹ̀. Ó gbé fáìlì tí ó ti ya létí sínú ọ̀rá: lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, fọ́tò pélébé mẹ́rin, ìwé báńkì. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú oòrùn láti ìdájí. Nígbà tó kàn án, akọ̀wé tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ ṣí ìwé síwá-sẹ́yìn, ó ní, «Bàbá, orúkọ yín ò sí níbí o. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ méjì sí i.» Àwọn ará Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ tí wọ́n ní ọlọ́pàá fẹ̀yìntì nínú ẹbí mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn ni mò ń pa. Àwọn mìíràn ṣubú lórí ìlà, wọn ò dìde mọ́. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn wa nìyẹn bí a bá ń ka bílíọ̀nù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnì kan ni, owó ilé ẹnì kan ni, owó ìwé ọmọ tó gbẹ̀yìn ni.

Kí ló wá dé tí ìdájọ́ fi rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn dojú ìbínú kọ adájọ́ nìkan. Èmi rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀sùn wò, torí níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn méjì la ní ní Nàìjíríà láti ayé òyìnbó. Ìhà gúúsù ń lo Criminal Code, ìhà àríwá ń lo Penal Code, Àbújá náà sì wà lábẹ́ Penal Code. Abala 309 nínú Penal Code yìí sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá sọ ohun olóhun di tirẹ̀. Ìyà tó là kalẹ̀ fún un ni ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ ju ọdún méjì lọ, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Abẹ́ abala yìí ni ẹ̀sùn mẹ́ta tí Yusufu jẹ́wọ́ wà. Ká ní agogo ọwọ́ ló bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ìwọ he é tí o sì fi pamọ́, abala kan náà ló lè gbá ọ mú.

Síbẹ̀, ojú ìwé díẹ̀ sí ibẹ̀ nínú ìwé òfin kan náà, abala 315 wà. Nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba tó da ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ lè tó ọdún 14, ìtanràn sì lè bá a rìn. Fún àwọn tó wà ní ìhà tiwa, abala 390 inú Criminal Code fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta sí olè lásán, ṣùgbọ́n ó gbé e lọ sí ọdún méje bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló jí ohun ìjọba. Àwọn tó kọ òfin wọ̀nyí mọ̀ pé ẹni tí ìlú fọkàn tán tó wá dà wọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju ti jáwójáwó lọ. Nítorí náà, nígbà tí olùpẹ̀jọ́ fi gbà pé kí ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ̀bi lábẹ́ abala 309 péré, ìdájọ́ ti fúyẹ́ kí adájọ́ tó la ẹnu. EFCC sọ pé àwọn kò bá a ṣe àdéhùn kankan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ka ìwé ẹ̀sùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀ pé ọdún méjì ni òkè ibi tí ó lè dé lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rí ohun tí abala 315 lè ṣe kò jìnnà. Ní ọdún 2018, nílé-ẹjọ́ gíga Àbújá ní Gudu kan náà yìí, Adájọ́ Adébùkọ́lá Banjókò gbọ́ ẹjọ́ Jolly Nyame tó ti ṣe gómìnà Tàràbà àti ti Joshua Dariye tó ti ṣe gómìnà Plateau. Owó tó wà nínú ẹjọ́ àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ sún mọ́ ti ọ́fíìsì ọlọ́pàá. Ọdún 14 ló fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ abala 315, ó fi ọdún méjì-méjì ti abala 309 kún un, kò sì fún wọn láàyè àtisan owó dípò ẹ̀wọ̀n. Wọ́n lọ fi aṣọ péńpé ro oko ọba. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn padà dín in kù sí ọdún 12 fún Nyame, ọdún 10 fún Dariye. Ìjọba Muhammadu Buhari sì dárí jì wọ́n lọ́dún 2022, ohun tó dun ọ̀pọ̀ èèyàn, tó sì dun èmi náà, nítorí kò sí ẹni tó ń dárí ji àwọn olè kéékèèké bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ti ìdájọ́ ti ìdájọ́, ó ṣeé ṣe. Ìwé òfin kan náà ni, ilé-ẹjọ́ kan náà ni.

Ká padà sọ́dọ̀ Yusufu. Bí ìdájọ́ rẹ̀ ṣe jáde, ariwo gba ìlú kan. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn aṣòfin, gbogbo wọn fárígá. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Òṣogbo rán ọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún 45 lórí fóònù Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá tí wọ́n jí àti àwọn ẹ̀sùn tó rọ̀ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé. Ẹnu àwọn ọlọ́jà, ẹnu àwọn ọlọ́kadà, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gbé ẹjọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìjọba ò lè dákẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, EFCC tún gbá Yusufu mú, wọ́n gbé e lọ sílé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ pé kò sọ òtítọ́ nígbà tí wọ́n ní kó kọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀, pé ó fi ilé-iṣẹ́ kan àti ₦250 mílíọ̀nù tó wà ní báńkì pamọ́. Wọ́n tì í mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Ohun tó dá mi lójú ni pé ìtìjú ló mú wọn ṣe é. Bí ẹ̀sùn yẹn bá ti wà lọ́wọ́ wọn, kí ló dé tí wọn ò fi mú un jáde ṣáájú kí ọkùnrin náà tó fi ₦750,000 ra òmìnira?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, ìyẹn NJC, dá Adájọ́ Talba dúró fún oṣù 12 láìgbowó oṣù. Wọ́n ní àṣẹ tí òfin fi sí i lọ́wọ́ láti fi ọgbọ́n díwọ̀n ìyà, kò lò ó bó ṣe yẹ kí adájọ́ lò ó. Ìdájọ́ yẹn bá ojú mi mu. Òótọ́ ni pé ìwé ẹ̀sùn ti so adájọ́ lọ́wọ́ kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì ṣì wà ní títú. Òfin ní kí ẹ̀wọ̀n má ju ọdún méjì lọ lórí ẹ̀sùn kan. Kò sọ pé kí ó jẹ́ kí olùjẹ́jọ́ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Òfin dárúkọ ìtanràn. Kò sọ pé kí ó jẹ́ ₦250,000. Kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, nítorí abala náà sọ pé ó lè jẹ́ méjèèjì papọ̀.

Ohun tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rí nìyẹn nígbà tí EFCC gbé ẹjọ́ náà lọ síbẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọdún márùn-ún gbáko, àmọ́ nígbà tí ìdájọ́ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018, ó le. Wọ́n fagi lé ànfààní ìtanràn. Wọ́n ní kí Yusufu ṣe ẹ̀wọ̀n ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn, ọdún mẹ́fà. Wọ́n tún gbé ìtanràn lé e: ₦22.9 bílíọ̀nù. Ẹ wo nǹkan. Kò sí òfin tuntun níbẹ̀. Abala 309 náà ni, ẹ̀sùn mẹ́ta náà ni, ẹnu tó fi jẹ́wọ́ náà ni. Ohun tí wọ́n sọ pé kò ṣeé ṣe ní 2013 ni àwọn adájọ́ àgbà ṣe láìkọjá ìlà kan nínú ìwé òfin. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà fún ẹni tó bá ń sọ pé òfin ló fà á, pé kò sí ohun tí adájọ́ lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yìí tún ní apá kan tí ó burú ju ìyẹn lọ. Nígbà tí igbe àwọn arúgbó pọ̀, ìjọba Goodluck Jonathan ti gbé Abdulrasheed Maina kalẹ̀ láti ọdún 2010 kó wá tún ọ̀nà ibẹ̀ ṣe. Òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìka àwọn èèyàn, tí wọ́n ń yọ orúkọ àwọn tí kò sí láyé kúrò. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣọ́ olè náà fọwọ́ kan ẹrù. Ó sá lọ nígbà tí wọ́n ń wá a, ó tún padà, wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní bòókẹ́lẹ́ kí Ààrẹ Buhari tó pàṣẹ lóṣù kẹwàá ọdún 2017 pé kí wọ́n lé e. Ní 2019 wọ́n gbé e lọ sílé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ níwájú Adájọ́ Okon Abang. Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume ló ṣe oníduùró fún un nígbà tí wọ́n fún un ní béèlì. Maina ò wá sílé-ẹjọ́ mọ́, ni wọ́n bá ti sẹ́nétọ̀ mọ́lé ní Kuje fún ọjọ́ mélòó kan lóṣù kọkànlá ọdún 2020. Orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti padà rí Maina mú. Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2021, Adájọ́ Abang rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ lórí owó tó lé ní ₦2 bílíọ̀nù.

Kì í ṣe abẹ́ Penal Code ni wọ́n ti mú Maina, abẹ́ òfin tó ń dènà fífi owó àìtọ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ni. Ó sì hàn pé EFCC ti kọ́gbọ́n níbi ti Yusufu. Ibi tí owó gbà kọjá, àkáǹtì tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn ṣí, owó ilé tí wọ́n san ní kéèṣì, ẹ̀sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn, ẹ̀wọ̀n wọn sì wúwo ju ọdún méjì lọ.

Àwọn nǹkan kan ti yí padà láti ìgbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ìjọba dá PTAD sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó owó àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́, ó sì gba iṣẹ́ àwọn ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́, ti àwọn ọlọ́pàá náà wà nínú rẹ̀. Òfin ACJA ti ọdún 2015, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, kọ ọ́ sílẹ̀ bí olùpẹ̀jọ́ ṣe lè bá olùjẹ́jọ́ ṣe àdéhùn, kó má ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ mọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni òfin owó ìfẹ̀yìntì tuntun tí Jonathan fọwọ́ sí lóṣù keje ọdún 2014. Òfin yìí sọ pé ẹni tó bá kó owó ìfẹ̀yìntì jẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí kí ó san ìlọ́po mẹ́ta iye tó kó, tàbí méjèèjì. Bí a bá fi ìṣirò yẹn sí ₦22.9 bílíọ̀nù, ó di ₦68.7 bílíọ̀nù.

Àwọn arúgbó ṣì wà ní títì síbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì tò sí iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá nínú òjò, wọ́n ń béèrè pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí, tó ń fún wọn ní owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ̀dùn tiwọn yàtọ̀ sí ti ẹjọ́ yìí, nítorí ètò tuntun ni tiwọn wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kò ní bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Òfin ọdún 2014 yẹn ò sì lè kan àwọn tó wà nínú ẹjọ́ ọdún 2012. Abala 36, ìlà kẹjọ, nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ti sọ ọ́ gbangba pé ìyà tó wà nínú òfin lọ́jọ́ tí ẹnì kan ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ ni òkè ibi tí ilé-ẹjọ́ lè bá a dé. Òfin tó le ju ìyẹn tí ó dé lẹ́yìn kò kàn án. Owó tí wọ́n kó kí ọdún 2014 tó dé, abala 309 àti 315 àtijọ́ náà ni wọn yóò máa fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, èyíkéyìí tí olùpẹ̀jọ́ bá kọ sínú ìwé ẹ̀sùn.